Nígbà Tí Ọkọ̀ Ò Wọ Èbúté: Ohun Tí Ẹ Máa Ṣe Láti Àárọ̀ Títí Alẹ́

Ẹ ti wọ bàtà, ẹ ti fi omi sínú àpò, ẹ ń dúró kí wọ́n ṣílẹ̀kùn. Ohùn ọ̀gá ọkọ̀ bá dún láti òkè: afẹ́fẹ́ ti le jù, a ò ní lè wọ èbúté lónìí, ojú òkun la máa wà títí di ọ̀la. Ká tó ṣẹ́jú pẹ́, gbogbo èrò tó yẹ kí wọ́n fọ́n ká sáàárín ìlú ti di ẹni tí yóò jọ gbé inú ọkọ̀ kan látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Ọkọ̀ afẹ́ ńlá máa ń kó èrò 3,000 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ibi mẹ́ta kan náà sì ni ọkàn gbogbo wọn máa lọ: kántà ìbéèrè, bùfé, àti àga ẹ̀gbẹ́ adágún ìwẹ̀. Ọgbọ́n tó wà níbẹ̀ ni kí ẹ ṣe nǹkan kọ̀ọ̀kan ní wákàtí tí àwọn yòókù ò sí níbẹ̀, kí ẹ sì ti ọ̀rọ̀ owó bẹ̀rẹ̀. Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ìdí tí ọkọ̀ ò fi dúró

Ìdí yẹn ló máa sọ bí ọjọ́ tó kù ṣe máa rí. Ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ afẹ́ ga bí ilé alájà mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, afẹ́fẹ́ sì ń tì í bí ẹni ti aṣọ ìgbòkun. Àwọn ẹ̀rọ tó ń ti ọkọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ nígbà tó bá fẹ́ fara kan èbúté ní ibi tí agbára wọn mọ. Bí afẹ́fẹ́ tó ń gba ẹ̀gbẹ́ wá bá ti ń sún mọ́ 30 knot, ìyẹn nǹkan bíi kìlómítà 55 ní wákàtí kan, ọ̀pọ̀ ọ̀gá ọkọ̀ á ti máa rò ó lẹ́ẹ̀mejì, pàápàá níbi tí ẹnu ọ̀nà èbúté bá há.

Níbi tí ọkọ̀ ńlá ò ti lè fara ti ilẹ̀, tó jẹ́ pé ọkọ̀ kékeré ló ń kó èrò lọ sí etíkun, ìgbì ló máa ń ba nǹkan jẹ́ ju afẹ́fẹ́ lọ. Bẹ́ẹ̀ ló rí ní George Town ní Grand Cayman, ní Stanley ní erékùṣù Falkland, àti ní Santorini. Ẹ wo ẹnu ilẹ̀kùn tí èrò ń gbà wọ ọkọ̀ kékeré náà: pèpéle tí ẹ dúró lé ń gòkè, ọkọ̀ kékeré ń sọ̀ kalẹ̀, àlàfo lanu láàárín méjèèjì, ó tún padé pàà. Ẹni ọgọ́rin ọdún tó mú ọ̀pá dání ni yóò gbẹ́sẹ̀ kọjá ibẹ̀. Ìgbì yẹn sì lè ti ọ̀dọ̀ ìjì tó jìnnà réré wá, kí oòrùn máa ràn, kí ojú ọ̀run mọ́ rekete, kí wọ́n sì tún fagi lé e. Torí náà, ẹni tó bá dúró sí kántà tó ń nawọ́ sí oòrùn ń fi àkókò ara rẹ̀ ṣòfò.

Nígbà mìíràn, èrò kan ló ṣàìsàn tí ọkọ̀ fi yà bàrá lọ gbé e sílẹ̀. Nígbà mìíràn, àwọn òṣìṣẹ́ èbúté ló daṣẹ́ sílẹ̀. Bó bá jẹ́ ẹ̀rọ ọkọ̀ ló bàjẹ́, ẹ béèrè nípa àwọn èbúté tó kù pẹ̀lú, torí ọkọ̀ tí eré rẹ̀ ti dínkù lè pẹ́ dé gbogbo ibi tó ń lọ.

Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ èrò ò mọ̀. Ọkọ̀ tó gbé àsíá orílẹ̀-èdè mìíràn, tó gbéra ní Amẹ́ríkà tó sì máa padà síbẹ̀, wà lábẹ́ òfin ọdún 1886 kan àti àwọn ìlànà tó bá a rìn, tó ní kó yà sí èbúté ilẹ̀ òkèèrè ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan. Ìdí nìyí tí àwọn ọkọ̀ tó ń ti Seattle lọ sí Alaska fi máa ń yà sí Victoria ní Kánádà, bó tiẹ̀ jẹ́ fún wákàtí díẹ̀ lálẹ́. Bó bá jẹ́ èbúté òkèèrè kan ṣoṣo tó wà nínú ìrìn-àjò yín ni wọ́n fagi lé, ó ṣeé ṣe gan-an kí wọ́n wá òmíràn dípò rẹ̀. Ẹ má tíì bọ́ bàtà.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ gbọ́ ìkéde náà tán

Lọ́pọ̀ ọkọ̀, ìkéde kì í dún nínú yàrá àfi bó bá jẹ́ ti pàjáwìrì. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ àti gbọ̀ngàn ló ti ń dún. Bí ẹ bá gbọ́ ohùn tí kò já gaara, ẹ ṣí ilẹ̀kùn yàrá díẹ̀. Ẹ kọ nǹkan mẹ́rin sílẹ̀: ìdí tí wọn ò fi dúró, bóyá èbúté mìíràn máa rọ́pò rẹ̀, wákàtí tí ẹ máa dé èbúté tó kàn, àti bí wọ́n ṣe máa dá owó padà. Ẹ kọ wákàtí tí wọ́n kéde náà síbẹ̀, ó máa wúlò láìpẹ́.

Ìwé ètò ọjọ́ tí wọ́n fi sí yàrá yín lálẹ́ àná ti di ìwé lásán. Ètò tuntun á jáde lórí áàpù ọkọ̀ tàbí lórí ìwé láàárín wákàtí kan sí méjì, ìkànnì tẹlifíṣọ̀n tó ń fi ipa ọ̀nà ọkọ̀ hàn á sì sọ bí afẹ́fẹ́ ṣe le tó.

Ìgbésẹ̀ 2: Owó

Ibí yìí ni kí ẹ ti lo wákàtí àkọ́kọ́.

Ìrìn ìgbafẹ́ tí ẹ rà lọ́wọ́ ọkọ̀ kì í fa wàhálà. Ọkọ̀ fúnra rẹ̀ máa ń dá owó rẹ̀ padà sínú àkáǹtì yín nínú ọkọ̀, ìyẹn ibi tí wọ́n ń kọ gbogbo ohun tí ẹ bá rà nínú ọkọ̀ sí, ẹ ò ní láti tò sórí ìlà nítorí rẹ̀. Ẹ kàn yẹ àkáǹtì náà wò lálẹ́ tàbí lọ́jọ́ kejì, bí kò bá sí níbẹ̀ kí ẹ tó lọ bi wọ́n. Ohun tó yẹ kí ẹ ṣọ́ ni pé bí ẹ bá fi owó ẹ̀bùn tí ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ fi sínú àkáǹtì yín ra ìrìn náà, bẹ́ẹ̀ náà ló máa ń padà. Owó ẹ̀bùn tí kò ṣeé gbà lọ́wọ́ gbọ́dọ̀ tán nínú ọkọ̀ kí ìrìn-àjò tó parí, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ó wọgbó nìyẹn.

Ìrìn tí ẹ ṣètò fúnra yín pẹ̀lú àwọn ará èbúté náà ló ń fẹ́ ẹsẹ̀ giri. Awakọ̀ tó ń dúró dè yín létí èbúté lè má tíì mọ̀ pé ọkọ̀ ò bọ̀. Ẹ fi ímeèlì ránṣẹ́ lójú ẹsẹ̀, kó má gùn: orúkọ tí ẹ fi sanwó, nọ́ńbà ìwé ìsanwó, iye èèyàn, orúkọ ọkọ̀, ọjọ́, àti gbólóhùn kan pé ọkọ̀ kò wọ èbúté, pẹ̀lú ìdí tí wọ́n kéde. Ẹ ya àwòrán ojú fóònù níbi tí áàpù ti sọ pé wọ́n fagi lé èbúté náà, kí ẹ so ó mọ́ ọn. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń bá èrò ọkọ̀ afẹ́ ṣòwò máa ń dá gbogbo owó padà bí ọkọ̀ ò bá wọlé, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n kọ sínú ìwé ìsanwó ló lágbára jù. Àwọn kan ní kí ẹ sọ fún wọn ní wákàtí 24 tàbí 48 ṣáájú, èyí tí ọkọ̀ ò lè fún yín láyè láti ṣe. Bí ẹ bá rí irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀, ẹ ṣì béèrè pẹ̀lú sùúrù: ẹ ní kí wọ́n dá owó padà, tàbí kí wọ́n tọ́jú rẹ̀ di ìgbà mìíràn. Bó bá jẹ́ pé wọ́n ti kọ ọ́ pé àwọn máa dá owó padà tí wọn ò wá ṣe é, ẹ pe báńkì tó ni káàdì yín nígbà tí ẹ bá délé.

Bí wọ́n bá yí ètò èbúté padà, tí èyí tó yẹ kó jẹ́ ti ọjọ́bọ̀ wá di ti ọjọ́rú, gbogbo ìrìn tí ẹ ti fúnra yín ṣètò ló kàn, kì í ṣe ti òní nìkan. Ẹ kọ̀wé sí gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Bí orílẹ̀-èdè tuntun bá sì wọ inú ètò, ẹ béèrè bóyá ìwé ìrìnnà yín nílò físà kí ẹ tó lè sọ̀ kalẹ̀ níbẹ̀.

Owó èbúté àti owó orí tí wọ́n kà mọ́ tíkẹ́ẹ̀tì yín fún ibi tí ẹ ò dé, ọkọ̀ sábà máa ń dá a padà fún èrò kọ̀ọ̀kan, lọ́pọ̀ ìgbà sínú àkáǹtì. Owó kékeré ni. Ẹ má retí pé wọ́n á dá owó ọjọ́ kan padà nínú owó ìrìn-àjò, torí ìwé àdéhùn tí ẹ fọwọ́ sí nígbà tí ẹ ń ra tíkẹ́ẹ̀tì fún ọ̀gá ọkọ̀ láṣẹ láti fo èbúté tàbí láti pààrọ̀ rẹ̀. Ọmọ tó wà ní kántà ò lè yí ìyẹn padà, bó ti wù kí ẹ pariwo tó.

Adójútòfò wá ńkọ́? Àwọn ìwé adójútòfò kan tí wọ́n ṣe fún ọkọ̀ afẹ́ máa ń san iye kan pàtó fún èbúté kọ̀ọ̀kan tí ọkọ̀ kò dé. Ẹ wò ó bóyá tiyín ní i. Àwọn kan kì í san bí èbúté mìíràn bá rọ́pò rẹ̀, òmíràn kì í san bó bá jẹ́ ìdaṣẹ́sílẹ̀ ló fà á. Ohun tí gbogbo wọn máa ń béèrè ni lẹ́tà láti ọ̀dọ̀ ọkọ̀, tó ní orúkọ ọkọ̀, orúkọ èbúté, ọjọ́, ìdí, àti bóyá nǹkan rọ́pò rẹ̀. Ẹ lọ gbà á ní kántà lálẹ́, ní nǹkan bí aago mẹ́wàá tí ìlà ti tán. Ẹni tó bá sún un di alẹ́ tó kẹ́yìn á bá gbogbo ọkọ̀ níbẹ̀, wọ́n ń ṣe ìṣirò àkáǹtì.

Ìgbésẹ̀ 3: Inú yín, kí ẹ tó jẹun

Oògùn òòyì òkun máa ń ṣiṣẹ́ dáadáa bí ẹ bá lò ó kí òòyì tó dé. Bí òòyì bá ti mú yín tán, iṣẹ́ rẹ̀ dínkù púpọ̀. Torí náà, bí ìkéde bá ti dárúkọ afẹ́fẹ́ tàbí ìgbì, ẹ pinnu nígbà náà.

Meclizine: 25 sí 50 miligíráàmù fún àgbàlagbà, ní wákàtí kan ṣáájú, ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́ ló tó. Dimenhydrinate: 50 sí 100 miligíráàmù ní wákàtí mẹ́rin sí mẹ́fà, kó má kọjá 400 láàárín wákàtí 24. Méjèèjì ń mú oorun wá, ti èkejì sì le jù, ẹ má fi ọtí kún un. Lọ́pọ̀ ọkọ̀, kántà ìbéèrè máa ń fúnni ní ọ̀kan nínú wọn lọ́fẹ̀ẹ́ tàbí kí ṣọ́ọ̀bù máa tà á.

Scopolamine, oògùn tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn etí, ń ṣiṣẹ́ fún wákàtí 72, ṣùgbọ́n ó yẹ kó ti wà lára fún nǹkan bíi wákàtí mẹ́rin ṣáájú. Bí ẹ bá lẹ̀ ẹ́ ní aago mẹ́jọ àárọ̀, ẹ má retí ohun púpọ̀ kó tó di ọ̀sán. Ẹ má gé e sí méjì. Ẹ fọ ọwọ́ yín lẹ́yìn tí ẹ bá fọwọ́ kàn án, torí bí ìka náà bá kan ojú, ihò dúdú àárín ojú á fẹ̀, ìríran á sì ṣe bàìbàì. Ẹni tó ní àìsàn ojú gílákómà tàbí tí ìtọ̀ ń ni lára kò gbọ́dọ̀ lò ó láìbi dókítà. Aláboyún, ọmọdé, àti ẹni tó ń lo oògùn mìíràn: ẹ bi dókítà ọkọ̀ kí ẹ tó lo èyíkéyìí nínú wọn. Bí ẹnì kan bá ti ń bì débi pé oògùn ò dúró nínú, abẹ́rẹ́ ló kù, ilé ìwòsàn ọkọ̀ ló ti ń gbà á, owó rẹ̀ sì ń wọ àkáǹtì.

Ibi tí ẹ jókòó sí náà ń ṣe ju bí èèyàn ṣe rò lọ. Ẹ rántí pákó tí ọmọ méjì ń jókòó sí etí rẹ̀ méjèèjì, tí ọ̀kan ń gòkè tí èkejì ń sọ̀: ẹni tó bá dúró sí àárín rẹ̀ kì í fẹ́ẹ̀ mọ̀ pé ó ń mì. Àárín ọkọ̀, ní àjà ìsàlẹ̀, ni kí ẹ wà. Ọkọ̀ ní lẹbẹ bíi ti ẹja lábẹ́ omi ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, ó ń dín yíyí síhìn-ín sọ́hùn-ún kù, ṣùgbọ́n kò lè ṣe ohunkóhun sí gbígbéra tí iwájú ọkọ̀ ń gbéra tó sì ń lulẹ̀. Gbọ̀ngàn eré sì rèé, iwájú gan-an ló sábà máa ń wà.

Ẹ jáde síbi tí atẹ́gùn wà, kí ẹ tẹjú mọ́ ibi tí òkun àti ojú ọ̀run ti pàdé. Fóònù tàbí ìwé kíkà ń dá kún un, torí ojú ń sọ pé nǹkan ò mì, etí inú ń sọ pé ó ń mì. Bí ẹ ò bá lè jáde, ẹ dùbúlẹ̀ gbalaja, kí ẹ dijú, kí orí má mì. Ẹ má fi inú ṣófo: bísíkíìtì gbígbẹ, èso ápù tútù, tíì atalẹ̀, díẹ̀díẹ̀. Oúnjẹ olóròóró lè dúró di ọ̀la. Bí ẹ bá sì rí àwọn èèyàn tí wọ́n jókòó jẹ́jẹ́ nínú gbọ̀ngàn, ẹ má rò pé ẹ̀yin nìkan lẹ̀ ń jìyà. Gbogbo alángbá ló dakùn délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run.

Ìgbésẹ̀ 4: Yàrá àti ẹsẹ̀ yín

Gbogbo ohun tó bá lè yí, ẹ gbé e sílẹ̀ kó tó já: ìgò lọ́fínńdà, kọ̀ǹpútà, ife. Ẹ tẹ́ aṣọ ìnura tó tutù sórí tábìlì kí ẹ tó gbé nǹkan lé e, kò ní yọ̀.

Ilẹ̀kùn máa ń ṣe èèyàn léṣe. Bí yàrá yín bá ní bálíkónì, ẹ má ṣí ilẹ̀kùn bálíkónì nígbà tí ẹlòmíràn bá ń ṣí ti ọ̀dẹ̀dẹ̀. Afẹ́fẹ́ á gba àárín rẹ̀ kọjá, ilẹ̀kùn á sì padé pẹ̀lú ipá tó lè gé ìka. Ẹ di ọwọ́ ìlẹ̀kùn mú, ẹ má di férémù rẹ̀ mú láé. Ẹ kó aṣọ ìwẹ̀ tó wà níta wọlé. Bàtà pẹlẹbẹ tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ò ń yọ̀ ni kí ẹ wọ̀, ọwọ́ kan sì gbọ́dọ̀ wà lára irin àtẹ̀gùn nígbà gbogbo, kódà bí ẹ bá gbé ife tíì dání.

Ìgbésẹ̀ 5: Ibi tí èrò ò sí

Ní ọjọ́ èbúté, bùfé nìkan ló sábà máa ń ṣí lọ́sàn-án. Ní ọjọ́ òkun, gbọ̀ngàn oúnjẹ ńlá máa ń ṣí pẹ̀lú. Ẹ wò ó nínú ètò tuntun, torí ọ̀pọ̀ èrò ò ní wò ó, bùfé náà ni wọ́n á rọ́ lọ láàárín aago méjìlá sí aago kan ààbọ̀. Bó bá jẹ́ bùfé náà ni ẹ̀yin fẹ́, ẹ lọ ní aago mọ́kànlá ààbọ̀ tàbí lẹ́yìn aago méjì. Bí ẹ bá fẹ́ ilé oúnjẹ tí wọ́n ń sanwó sí lálẹ́, ẹ gba àyè kí aago mẹ́sàn-án àárọ̀ tó lù.

Ibi ìfọwọ́ra máa ń dín owó kù ní ọjọ́ èbúté torí kò sí èrò. Ẹ̀dínwó òní ti lọ nìyẹn, àmọ́ ẹ tún béèrè ní nǹkan bí aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, bóyá àyè ṣófo. Ilé tẹ́tẹ́ àti ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n sábà máa ń tì ní èbúté á ṣí. Adágún ìwẹ̀ lè má ṣí rárá: bí omi rẹ̀ bá ti ń tàkìtì láti etí kan dé èkejì, wọ́n á fi àwọ̀n bò ó. Eré tí àwọn oníjó ń fò lókè lè yí padà di orin lásán. Ẹ tètè fi orúkọ ọmọ sílẹ̀ ní ibi ìtọ́jú ọmọdé, ó ní iye ọmọ tí àyè wọn lè gbà.

Ibi tó máa ń dákẹ́ rọ́rọ́: yàrá ìkàwé, ibi tí wọ́n ti ń fi káàdì ṣeré, ilé ọtí tó jẹ́ ti alẹ́ nìkan, àti àjà ìrìn tó wà lábẹ́ àwọn ọkọ̀ ìgbẹ̀mílà, ní ẹ̀gbẹ́ tí afẹ́fẹ́ ò ti fẹ́ wá. Bí ẹ bá fẹ́ lo ara ní jíìmù, kẹ̀kẹ́ ni kí ẹ gùn. Ẹ̀rọ tí wọ́n ń sáré lórí rẹ̀ ò dára nígbà tí ilẹ̀ fúnra rẹ̀ bá ń sá.

Ẹ fi ọṣẹ fọ ọwọ́ kí ẹ tó jẹun, ó kéré tán fún ìṣẹ́jú àáyá 20. Gbogbo èèyàn ló wà nínú ilé lónìí, oje apakòkòrò tí wọ́n ń fọ́n sí wa lọ́wọ́ lẹ́nu ọ̀nà kì í sì í pa kòkòrò norovirus, èyí tó ń fa èébì àti ìgbẹ́ gbuuru, dáadáa.

Ìgbésẹ̀ 6: Fóònù

Ẹ fi fóònù sí Airplane Mode kí ẹ tó tan Wi-Fi ọkọ̀. Bí ilẹ̀ bá ti jìnnà, nẹ́tíwọ́ọ̀kì inú ọkọ̀ fúnra rẹ̀ lè gba fóònù yín mú, ó sì wọ́n gan-an. Ìpè kan tí ẹ gbàgbé láti pa lè ju owó ìrìn ìgbafẹ́ tí wọ́n dá padà lọ. Wi-Fi á falẹ̀ lọ́sàn-án torí gbogbo ènìyàn ló wà lórí rẹ̀. Ọ̀rọ̀ lásán ni kí ẹ fi ránṣẹ́ nígbà yẹn, kí fọ́tò dúró di ọ̀gànjọ́ tàbí ìdájí.

Kí ẹ tó sùn

Ẹ yẹ àkáǹtì wò. Ẹ wo wákàtí tí ọkọ̀ máa dé èbúté ọ̀la, torí ọkọ̀ tí kò dúró lónìí lè débẹ̀ ṣáájú, ìrìn àárọ̀ yín á sì tètè bẹ̀rẹ̀ ju bí ẹ ṣe rò lọ. Ẹ fi aago fóònù wé aago ọkọ̀. Ti ọkọ̀ ni kí ẹ tẹ̀ lé. Bó bá jẹ́ ọ̀la ni ìrìn-àjò parí, tí ọkọ̀ òfurufú yín sì máa gbéra kó tó di aago méjìlá ọ̀sán, ẹ béèrè lálẹ́ yìí bóyá ọkọ̀ máa dé lásìkò, kí ẹ sì mọ nọ́ńbà ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú náà.

Bí afẹ́fẹ́ ò bá tíì rọlẹ̀, ẹ gbé oògùn òwúrọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrọ̀rí, pẹ̀lú omi inú ike tó ní ìdérí àti bísíkíìtì méjì, kó lè ti wọlé kí ẹ tó dìde dúró.